Orúkọ Méje Tí Ìyàwó Koro Sọ

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀nà-èdè ní ilé-ìwé girama kan ní Iloffa. Bí ẹ bá ń kọjá lójú ọ̀nà tí ẹ gbọ́ tí ogójì ọmọ ń pariwo pé "Kìnnìún ni Òjó, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́," iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Ó ti sú mi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí kìnnìún rí. Òjó náà, a ò mọ ilé rẹ̀, a ò mọ ohun tó ṣe tí wọ́n fi ń pè é ní ẹranko. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé, ìdánwò náà kò sì ní bèèrè ohun mìíràn.

Fẹ́yìsayọ̀ ni orúkọ mi. Láti Ọ̀fà ni wọ́n ti gbé mi wá síbí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi nìkan, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì kan àti páálí ìwé méjì. Yàrá kan ni mo gbà ní ilé Adéyẹyè, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la àárín rẹ̀ kọjá, yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Nígbà tí mo dé, ènìyàn méjì péré ló ń gbé inú ilé náà. Ìyá arúgbó kan wà ní yàrá àkọ́kọ́. Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ rẹ̀, opó Ọlágòkè tó jẹ́ àkọ́bí ilé náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Lazarus wà ní yàrá tó kẹ́yìn. Àwọn yàrá yòókù wà ní títì, ẹrù àwọn tó ti lọ sí ìlú ńlá ló wà nínú wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, ohùn ìyá náà ló jí mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó sì ké gbàà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Adákẹ́ o!" Ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa òjò tí kò rọ̀, ó sọ nípa ẹnì kan tó ta ilẹ̀ onílẹ̀, ó sọ ohun tó gbọ́ lórí rédíò, ó sọ ohun tí ì bá sọ fún ẹni tó wà lórí rédíò náà ká ní ó bá a níbẹ̀. Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo mu ògì, kò tíì dánu dúró. Ìyá náà kàn jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń fi pákò rin ẹnu, inú rẹ̀ ń dùn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé Lazarus ni Adákẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá bá nílé ọkọ ní orúkọ. Ìbáà ṣe ọmọ oṣù mẹ́ta tó wà lórí ẹní, bí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ni. Ìyàwó ní láti wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é, orúkọ tó bá ojú rẹ̀ tàbí ìwà rẹ̀ mu. Lóde òní, àwọn ìyàwó ti sọ ọ́ di "Bọ̀dá" àti "Àǹtí," wọ́n á sì fi orúkọ gan-an lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bọ́sẹ̀dé ti Koro wá sí Iloffa, lọ́dún tó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́ta ọdún báyìí, ó bá àbúrò ọkọ méje nílé, ó sì sọ àwọn méjèèje lórúkọ láàárín oṣù kan. Àwọn náà ń pè é ní Ìyàwó Koro. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é títí di òní, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ ti funfun tán.

Ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ká wa mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ka àwọn orúkọ náà fún mi. À ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní èyí tó ga jù nínú wọn, Òpó-ulé ni òun pè é. Ulé ni wọ́n ń pe ilé níhìn-ín. Obìnrin tó tẹ̀ lé e, Ìbàdí-àrán. Èyí tó ń gbé síléètì kiri nígbà tí kò tíì mọ A, Akọ̀wé. Ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, Eyín-mẹ́nugún. Èyí tó ń jẹun, Ajẹkotán. Lazarus tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, Adákẹ́. Èyí tó kéré jù, ọmọ oṣù mẹ́rin tó máa ń figbe ta ní ìdájí tí gbogbo ilé á fi jí, Agogo-ulé.

Mo ju ẹ̀gúsí sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe? Òpó-ulé àti Agogo-ulé, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Ajẹkotán, àsọdùn ni, nítorí kò sí ọmọ tó lè jẹ oko tán. Adákẹ́ ní tirẹ̀, òdì kejì ohun tó wà lọ́kàn yín lẹ sọ."

Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní, "Tíṣà, mo sáà wo ojú ghọn ni. Kè sí ìwé níbẹ̀." Ghọn tirẹ̀ ni "wọn" tiwa, kè rẹ̀ ni "kò."

Mo lo àwọn orúkọ náà ní kíláàsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè ohun tó ń pe àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kíláàsì náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá ilé-ìwé fi wá yọjú lójú fèrèsé. Èmi náà padà sílé pẹ̀lú ayọ̀, mo ní, "Màmá, ó yá, ẹ sọ mí lórúkọ tèmi." Ó mi orí. Ó ní, "Kè ṣeé ṣe. Ùwọ kè í ṣe ọkọ mi. Tíṣà ni ẹ́." Mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bínú fún ọjọ́ méjì, èmi ẹni ọdún márùndínlógójì tí kò lọ́kọ, tí kò lọ́mọ, tí kò sẹ́ni tó ń dúró dè é níbì kankan. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan ní ohun tó ń pè mí ni.

Nígbà tí mo jáde, mo bá a nídìí ẹ̀gúsí, mo sì bi í léèrè bóyá kò ṣèèṣì dárúkọ ọ̀kan nínú wọn rí, bóyá lọ́jọ́ tí inú ń bí i. Ó ní rárá. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Koro, ìyàwó kan ní àdúgbò àwọn bá àbúrò ọkọ rẹ̀ jà nídìí kànga, ó sì dárúkọ rẹ̀ gan-an lójú gbogbo ayé. Kò sí ẹni tó bá a wí. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò omi rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì padà sílé bàbá rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ìyàwó tó bá dárúkọ ọmọ ilé ti sọ pé òun kì í ṣe ara ilé náà mọ́. Ó sọ ọ́ fún mi tán, ó sì ń bá ẹ̀gúsí bíbó lọ.

Bọ́sẹ̀dé bímọ méjì, àwọn méjèèjì kò pé ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń lọ sóko lójúmọ́, nítorí náà ẹ̀yìn Bọ́sẹ̀dé ni Agogo-ulé gbé dàgbà. Òun ló ń tu ú nínú bó bá sunkún ní ìdájí. Òun ló fún un ní ẹ̀kọ, òun ló dirun fún un, òun ló mú un lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Olùkọ́ bèèrè orúkọ ọmọ náà, ìyàwó kò lè sọ ọ́, ó sì ní kí ọmọ náà sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Tèmítáyọ̀ ni orúkọ náà.

Òpó-ulé kú. Ìbàdí-àrán kú sí Minna. Akọ̀wé kú, ó sì ti di akọ̀wé lóòótọ́ kó tó kú. Ajẹkotán kú, Eyín-mẹ́nugún kú lọ́dún tí kòrónà dé, wọn ò sì lè gbé e wálé. Ọlágòkè fúnra rẹ̀ ti lọ ṣáájú púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ibà mú Lazarus ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú, ó sì dákẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè ni mo mọ ohun tó dé bá ilé wa. Mo jí, mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mo yọjú. Ìyàwó Koro dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bó ṣe máa ń dúró, ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

Ó ní, "Tíṣà, ó ku ẹnì kan."

Mo ní, "Ẹnì kan ta ni?"

Ó ní, "Ẹnì kan tí mo lè pè tí yóò jẹ́ mi. Agogo-ulé nìkan ló kù. Bí kè bá sí òhun, kè sẹ́ni mọ́ láyé tí mo sọ lórúkọ. Mo di àlejò nínú ulé yìí nìyẹn."

Mo fẹ́ sọ pé èmi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé Tíṣà ni mí.

Ìsìnkú bọ́ sí ìparí oṣù kejì. Agogo-ulé ń bọ̀ láti Àbújá, ó ti pé ọdún mẹ́fà tó ti wálé gbẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, Ìyàwó Koro ti ṣí yàrá Agogo-ulé, ó gbá a, ó fi omi gbígbóná fọ ilẹ̀, ó nu wáyà iná. Ó ní kí n bá òun ra ẹ̀wà funfun nítorí Agogo-ulé kì í jẹ ẹ̀wà pupa. Ó ń dá rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀ tó ń pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, ó ń tún un pè.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńlá dúdú kan dé. Obìnrin kan tó sanra, tó wọ funfun, tó so ìdè funfun mọ́ ọrùn ọwọ́, sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó Koro ti wà níta láti àárọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lódìkejì títì fi bojú wẹ̀yìn: "Agogo-ulé o! Agogo-ulé mi dé!"

Obìnrin náà kò jẹ́. Ó wá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dì mọ́ ìyá náà, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n mo wà nítòsí, mo gbọ́.

Ó ní, "Uyàwó Koro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gbàdúrà lórí ẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹfáńjẹ́líìsì Tèmítáyọ̀ ni ẹ máa pè mí."

Ìyá náà yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀." Ó sì wọlé lọ gbé omi wá.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n dá sí i. Ayálégbé ni mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ni, inú sì bí mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá Ẹfáńjẹ́líìsì lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, mo kí i, mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún SS Tú. Mo ní àfiwé ni. Mo ní kì í ṣe èpè, kì í ṣe àyànmọ́, ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ló wo ọmọ tó rí i pé igbe rẹ̀ ń jí ilé bí agogo ṣe ń jí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tilẹ̀ bi í pé kí ni ohun tí agogo àti ọmọ náà fi jọra.

Ó gbọ́ mi tán. Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Àǹtí Tíṣà, láti ọmọdé mi ni mi ò ti lè sùn kọjá aago mẹ́rin. Mo lọ́kọ, ọkọ ò dúró. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọjà ò dúró. Gbogbo ohun tí mo bá dáwọ́ lé, ariwo ni, kì í ní nǹkan nínú. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló wà nínú agogo ju ariwo lọ?"

Nínú ìwé, a kì í bi ẹni tí wọ́n fi wé nǹkan bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo wọlé pẹ̀lú ìtìjú, nítorí mo ti ṣàlàyé agogo dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́: ní ọjọ́ Jímọ̀, níbi ìṣọ́-òkú, obìnrin yìí kan náà gba gbohùngbohùn, ó ní ilé-ìṣọ́ ni òun, ó ní idà ni ahọ́n òun, ó ní iná ni ẹsẹ̀ òun lórí ilẹ̀ yìí. Mo ka àwọn àfiwé rẹ̀ dé mọ́kànlá, mo sì dẹ́kun kíkà. Agogo kan péré ni kò lè gbé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò. Fún ọjọ́ mẹ́ta náà, mo rí ohun tí mi ò rí rí. Ìyàwó Koro kò pè é ní nǹkan kan. Bí oúnjẹ bá jinná, ó máa ń fi ṣíbí lu ẹ̀gbẹ́ àwo. Bí ó bá fẹ́ kó wá, ó máa ń húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó fi ìka kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó wá bèèrè iyọ̀, ó sì ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ulé, omi ti gbóná." Kò lè pe orúkọ tí ó sọ ọ́, wọ́n ti ní kó má pè é. Kò lè pe èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ìyẹn ni pé kó di ẹrù rẹ̀. Ẹfáńjẹ́líìsì kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ń dáhùn ikọ́ náà bí ẹni tó ń dáhùn orúkọ.

Wọ́n sin Lazarus ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́ ní Áńgílíkà, wọ́n di ẹrù sọ́kọ̀. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń sá aṣọ. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ náà tan, mo gbọ́ tó lọ. Nígbà tí mo yí wá sí iwájú ilé, Ìyàwó Koro dúró láàárín ọ̀nà nínú eruku, ó di ọ̀rá kan mú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Ẹfáńjẹ́líìsì ló wà nínú rẹ̀, oògùn oṣù kan gbáko, lábẹ́ ìrọ̀rí ni ìyá náà ti rí i. Ọkọ̀ náà ṣì hàn ní ìsàlẹ̀ títì, ó ń rọra yà fún kòtò.

Mo ní, "Màmá! Ẹ pè é! Wíńdò rẹ̀ ṣí sílẹ̀!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ṣùgbọ́n bàtà sílípáàsì ni mo wọ̀, ọkọ̀ náà sì ti gun títì ọ̀dà. Mo padà wá, mò ń mí hẹlẹ, mo sì jágbe mọ́ ọn. Mi ò rántí pé àgbà ni.

"Kí ló dé tí ẹ ò pè é?"

Ó wò mí. Omi ti dé ojú rẹ̀. Ó ní, "Kí li mo fẹ́ pè é?"

Ọ̀rá náà wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo ní kí a fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ dírẹ́bà, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ẹfáńjẹ́líìsì ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé òun ti ra òmíràn ní Òmù-Àrán, kí a má dààmú. Ìyàwó Koro kò dààmú. Ó kàn dẹ́kun dídúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ni. Ó dẹ́kun kíkí àwọn tó ń kọjá. Ó ń se oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ó sì ń jẹ ìdajì rẹ̀. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé tí mo kí i, ó máa ń sọ pé, "Tíṣà, káàbọ̀," kò sì ní sọ ohun mìíràn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin kì í pẹ́ tán bó bá ti pinnu.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kẹrin, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo tẹ Ẹfáńjẹ́líìsì láago. Mo ní, "Mà, ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀. Kò jẹun. Ẹ̀yin lẹ mú ohùn rẹ̀ lọ." Mi ò yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì. Mo gbé fóònù sí spíkà, mo sì gbé e lé ìyá náà lọ́wọ́ lórí àpótí rẹ̀.

"Uyàwó Koro?" ni fóònù náà wí.

Ìyá náà gbé fóònù náà lé itan.

"Uyàwó Koro, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Tíṣà ní ẹ ò jẹun. Ṣé inú ń bí yín sí mi ni? Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀. Ẹ pè mí."

Ìyàwó Koro gbé ojú sókè, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó wo àwọn ilẹ̀kùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan dé ti Lazarus. Ó tún jókòó dáadáa bí ẹni tó fẹ́ gba oògùn kíkorò. Ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Ó ní, "Tèmítáyọ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, jẹ́jẹ́, láìsí ẹ̀tàn, láìsí ìbínú. Mo rántí obìnrin tó gbé ìkòkò omi sílẹ̀ ní Koro. Ọmọ ilé náà ni Ẹfáńjẹ́líìsì, kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Ó wá ń gòkè, ó ń gòkè, ó di igbe, igbe gidi, láti ẹnu obìnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún, tó ní ọmọ ìjọ, tó ní gbohùngbohùn. "Ẹ ti lé mi o! Uyàwó Koro, ẹ ti lé mi kúrò nílé bàbá mi! Ta ló kù tí mo ní?" Ó ń sunkún bí ọmọdé, kò bo ẹnu, kò dá dúró mí, igbe náà sì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dé ẹ̀yìn.

Mo fẹ́ gba fóònù. Ìyá náà fi ọwọ́ gbá ọwọ́ mi dànù. Ó ti dìde. Ó gbé fóònù náà mọ́ etí, ó yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ti lọ sẹ́yìn rẹ̀, sí ibi tí ènìyàn máa ń fi ọwọ́ sí lábẹ́ ìdí ọmọ tó bá pọ̀n.

Ó ní, "Ohùn rẹ̀ nìyẹn. Tíṣà, o gbọ́ ọ? Kè tíì yí padà." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara, ní ìdúró, bó ṣe mi í ní ìdájí ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. "Ó tó, ó tó. Kè sẹ́ni tó lé yín. Mo ti jí. Mo ti jí, Agogo-ulé."

Igbe náà rọlẹ̀. Ó di ìmí. Mo dúró, mò ń wo ilẹ̀.

"Agogo-ulé," ó tún pè é.

"Hẹ̀n," ni fóònù náà wí. "Hẹ̀n, Uyàwó Koro."

Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Aṣọ mi ti gbẹ lórí okùn, mò ń ká a. Mò ń gbọ́ ọ láti inú ilé, ó ń pè é léraléra láìsí nǹkan tó fẹ́ sọ fún un, ìyẹn náà sì ń jẹ́ ẹ. Mo ká aṣọ náà tán. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ mi, mò ń gbọ́, títí bátìrì fóònù mi fi kú.